Ọmọ Ta Ni Ọ́? Ìwé Méjì Lórí Wíwá Ìran Ẹni ní Abidjan

Ìbéèrè kan wà tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò tí ì gbọ́ ọ rí: "Ọmọ ta ni ọ́?" Bí àlejò bá wọ agboolé kan ní Èjìgbò, tí ó dọ̀bálẹ̀ kí àgbà tí ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ìbéèrè yìí ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Bí ó bá dáhùn bí ó ti yẹ, àgbà náà yóò kì í, orí rẹ̀ yóò wú, wọn yóò sì wá àga fún un. Ìbéèrè yìí kan náà ni ẹ̀ṣọ́ tí ó dúró nídìí ìdènà ojú ọ̀nà ní Abidjan máa ń bi ẹni tí ń kọjá ní àkókò tí ìlú kò rójú. Ṣùgbọ́n oríkì kọ́ ni òun fẹ́ gbọ́, káàdì ni ó fẹ́ rí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì sọ. Ẹni àkọ́kọ́ ń béèrè kí ó lè mú ènìyàn wọlé. Ẹnì kejì ń béèrè kí ó lè mọ ẹni tí yóò tì síta.

Láàárín ìbéèrè méjèèjì yìí ni ọmọ Yorùbá tí ó bá fẹ́ wá ìtàn àwọn baba ńlá rẹ̀ ní Abidjan dúró sí. Ìwé méjì wà tí ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé síwájú. Èkíní ni La carte d'identité, ìtàn àròsọ tí Jean-Marie Adiaffi, ọmọ bíbí ilẹ̀ Côte d'Ivoire, kọ ní èdè Faransé, tí ó jáde ní 1980. Èkejì ni Àwọn Oríkì Orílẹ̀, tí Adébóyè Babalọlá kó jọ, tí ilé ìtẹ̀wé Collins sì tẹ̀ ní 1967. Àwọn méjèèjì kì í sábà pàdé lórí tábìlì kan náà, nítorí pé èdè wọn yàtọ̀, irú ìwé tí wọ́n jẹ́ sì yàtọ̀: ọ̀kan jẹ́ àròsọ, èkejì jẹ́ àkójọ ohun tí àwọn ará ìgbàanì fi ẹnu ṣe. Síbẹ̀síbẹ̀, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń dáhùn, ohun tí ó sì kù díẹ̀ káàtó nínú ọ̀kan wà nínú èkejì.

Kí a tó gbé àwọn ìwé náà yẹ̀ wò, ó yẹ kí a mọ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Èjìgbò jẹ́ ìlú kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, láàárín Ìwó, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Òṣogbo. Ògìyán ni orúkọ oyè ọba wọn. Akínjọlé ni ìtàn ìlú náà sì pè ní ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ dó. Èjìgbò kò sí létí òkun, kò sì súnmọ́ ẹnubodè ilẹ̀ òkèèrè kankan. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ èrò a máa gbéra níbẹ̀ lọ sí Abidjan, yóò gba Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà kọjá, yóò sì la ẹnubodè mẹ́rin kí ó tó gúnlẹ̀. Láti ayé ìjọba àwọn òyìnbó ni àwọn ará Èjìgbò àti ìlú agbègbè rẹ̀ ti ń tọ ọ̀nà yìí lọ ṣòwò. Treichville àti Adjamé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ṣe ibùdó, Ànàgó sì ni àwọn onílẹ̀ ń pè wọ́n. Ìrìn náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá wọ Èjìgbò lónìí fi lè gbọ́ Faransé lẹ́nu àwọn tí ń nájà.

Bàbá lọ, ó bímọ síbẹ̀. Ọmọ dàgbà, òun náà bímọ síbẹ̀. Nígbà tí yóò fi kan ọmọ-ọmọ, Faransé ti yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, ó sì mọ orúkọ Èjìgbò bí ènìyàn ti í mọ orúkọ ìlú inú àlọ́. Ọmọ-ọmọ yìí ni ó sábà máa ń fẹ́ mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Ẹni tí ó ti ilé wá kò ní ìdí láti wádìí ohun tí ó fi sílẹ̀. Ẹni tí kò rí i rí ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí i.

Ṣùgbọ́n ìwádìí náà ní ewu tirẹ̀. Òfin Côte d'Ivoire lórí ẹni tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà, èyí tí wọ́n ṣe ní 1961 tí wọ́n sì tún ṣe ní 1972, kò sọ ènìyàn di ọmọ onílẹ̀ kìkì nítorí pé ibẹ̀ ni a bí i sí. Bàbá rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà. Nínú ìkànìyàn ọdún 1998, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ń gbé ilẹ̀ náà, 26 ni a kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlejò, púpọ̀ nínú wọn ni a sì bí síbẹ̀. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé 1990, àwọn àlejò ní láti ní káàdì ìgbélùú. Ó di 2007 kí ìjọba tó mú un kúrò lọ́rùn àwọn ará orílẹ̀-èdè ECOWAS. Òfin ìpilẹ̀ ọdún 2000 ní kí ẹni tí yóò du ipò ààrẹ jẹ́ ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ náà. Àríyànjiyàn lórí ta ni onílẹ̀, ta ni àlejò, sì wà lára ohun tí ó dá ogun sílẹ̀ ní September 2002. Gánà ti ṣe tirẹ̀ ṣáájú: ní November 1969, ìjọba ibẹ̀ fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ni ó sì palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ láìròtẹ́lẹ̀.

Nínú irú ayé bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá ń wá ìtàn ìran rẹ̀ lè bẹ̀rù ohun tí yóò rí. Bí ó bá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọ̀nà jíjìn ni bàbá àgbà òun ti wá, ó lè rò pé òun ti fi ọwọ́ ara òun kọ ìwé ẹ̀sùn fún àwọn tí ó fẹ́ lé òun. Òbí tí ó dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ilé kì í ṣe òbí tí ó gbàgbé. Ó lè jẹ́ pé ààbò ni ó fi ìdákẹ́ náà ṣe fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Adiaffi mọ ìbẹ̀rù yìí dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ayé ìjọba Faransé ni ó gbé ìtàn rẹ̀ kà. Ní Bettié, ní ilẹ̀ àwọn Agni, ni a ti bí i ní 1941. Olùkọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí ni, ó sì kú ní 1999. Nínú ìwé rẹ̀, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kan tí ń jẹ́ Kakatika ní kí wọ́n mú Mélédouman, ọmọ ọba Bettié, nítorí pé kò rí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ fi hàn. Wọ́n na ọkùnrin náà, wọ́n dá a lóró títí ojú rẹ̀ fi fọ́; lẹ́yìn náà ni wọ́n fún un ní ọjọ́ méje kí ó wá káàdì náà rí. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ebah Ya, ni ó ń fà á lọ́wọ́ kiri. Orúkọ Mélédouman pàápàá, ní èdè Agni, ń sọ pé ẹni tí ń jẹ́ ẹ kò ní orúkọ, tàbí pé wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ po. Ìwé náà gba ẹ̀bùn ńlá ti àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Áfíríkà tí ń kọ Faransé ní 1981, ẹ̀bùn náà sì tọ́ sí i.

Ọgbọ́n àkọ́kọ́ tí ó wà nínú ìwé yìí ni bí ó ti gbé ọ̀ràn náà kalẹ̀. Gbogbo ìlú mọ Mélédouman. Abẹ́ ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀ ni egungun àwọn baba rẹ̀ wà, orí ìtẹ́ wọn ni ìdílé rẹ̀ sì jókòó lé. Ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá ni ó ń bi í léèrè ẹni tí ó jẹ́. Òǹkàwé kò ní ju ojú ewé díẹ̀ lọ kí ó tó rí i pé ẹni tí ó ni ìbéèrè ni ó ni agbára, àti pé káàdì tí wọ́n ń wá kò lè sọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí Mélédouman jẹ́.

Ọgbọ́n kejì jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àgbà tí ó fọ́jú ni ó mọ ọ̀nà. Ọmọdé tí kò mọ ọ̀nà ni ó ń ríran. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dá nìkan jáde, yóò ṣìnà. Kò sí àwòrán tí ó bá iṣẹ́ wíwá ìran ẹni mu tó èyí. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú rẹ̀ mọ̀ pé orúkọ wà lọ́wọ́ àgbà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò tó ìwé kà mọ́. Ọmọdé lè ka ìwé, ṣùgbọ́n kò mọ èyí tí yóò mú àti èyí tí yóò jù nù. Adiaffi fi ọwọ́ àgbà lé ọwọ́ ọmọ, ó sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì rin ọjọ́ méje ọ̀sẹ̀ àwọn Agni já, kí ó lè hàn pé ọjọ́ àwọn baba ńlá ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọjọ́ ajẹ́lẹ̀.

Àléébù kò ṣàìsí. Òǹkọ̀wé a máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀. Níbi tí ó yẹ kí àgbà náà kérora, a máa ṣe àlàyé gígùn bí ẹni tí ó wà níwájú kíláàsì. Ṣùgbọ́n èyí kéré. Èyí tí ó tóbi ni pé ohun gbogbo tí Mélédouman ń wá wà nítòsí rẹ̀. Ojúbọ, ère, ìtẹ́, ilé àti ojú oórì àwọn baba rẹ̀, kò sí èyí tí kò lè fi ẹsẹ̀ dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ-ọmọ ará Èjìgbò tí a bí ní Treichville kò ní irú oore bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí ó tẹ̀ kò ní egungun baba ńlá rẹ̀ nínú. Èyí tí ó ní in wà lẹ́yìn ẹnubodè mẹ́rin. Ìwé Adiaffi lè sọ fún un pé òun ju káàdì lọ, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tí òun jẹ́ fún un. Níhìn-ín ni ìwé Babalọlá ti wúlò.

Babalọlá, ọmọ Ìpetumodù tí a bí ní 1926 tí ó sì kú ní 2008, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣe àfihàn rẹ̀ fún àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti lo Àwọn Oríkì Orílẹ̀ láti fi kọ́ ọmọ ní ẹwà èdè, wọ́n sì ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kà á láti Abidjan yóò rí ohun kan tí ẹni tí ó jókòó sí ilé lè fojú fò. Oríkì orílẹ̀ kì í so ènìyàn mọ́ ibi tí ó ń gbé. Ibi tí ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ ni ó ń so ó mọ́. Ìran Oníkòyí wà ní ìlú púpọ̀ tí kì í ṣe Ìkòyí. Ìran Olọ́fà wà níbi tí ọmọ wọn kò ti fi ojú kan Ọ̀fà rí. Ìran Ọ̀pọ́múléró wà káàkiri bákan náà. Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó tú ọ̀pọ̀ ìlú ká; Ọ̀yọ́-Ilé pàápàá dahoro ní nǹkan bí 1835, àwọn ènìyàn sì ṣí lọ sí gúúsù pẹ̀lú ẹrù lórí àti oríkì lẹ́nu.

Bí gbogbo ènìyàn bá jókòó sí orílẹ̀ rẹ̀, kí ni ìbá jẹ́ ìwúlò oríkì orílẹ̀? Ẹni tí kò kúrò nílé kò nílò kí a máa rán an létí ilé. Ẹ̀yà ewì yìí, tí a máa ń rò pé ó jẹ́ ti àwọn tí kò ṣípò padà, ti àwọn tí ó ṣípò padà gan-an ni. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ní Èjìgbò fún ẹni tí ìran rẹ̀ ti Ìkòyí wá ni iṣẹ́ tí ó lè ṣe ní Abidjan fún ẹni tí ìran rẹ̀ ti Èjìgbò wá. Èyí sì mú ìbẹ̀rù ẹ̀sùn fúyẹ́. Ẹni tí ó bá tọ oríkì dé Èjìgbò yóò rí i pé Èjìgbò kì í ṣe òpin ọ̀nà. Ibùsọ̀ kan ni. Àwọn Agni tí Mélédouman jẹ́ ọmọ wọn pàápàá, Akan ni wọ́n, láti ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí ni àwọn baba ńlá wọn sì ti rìn wá. Ọ̀nà tí ọkọ̀ èrò Èjìgbò ń gbà kọjá kì í ṣe àjèjì sí ẹsẹ̀ onílẹ̀.

Oore kejì tí oríkì ṣe ni pé kò gbàgbé ìyá. Ìwé ìjọba a máa gbé orúkọ bàbá síwájú, orúkọ bàbá náà ni yóò sì bá ọmọ dé orí káàdì. Ṣùgbọ́n bí akéwì bá ń ki ènìyàn, yóò kì í dé ilé bàbá, yóò sì kì í dé ilé ìyá. Karin Barber, nínú ìwé tí ó kọ ní 1991 lórí oríkì ní Òkukù ní ilẹ̀ Ọ̀ṣun, fi hàn pé àwọn obìnrin gan-an ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń pa oríkì mọ́. Kò yani lẹ́nu. Obìnrin gbọ́ oríkì ilé bàbá rẹ̀ dàgbà, ó sì kọ́ ti ilé ọkọ nígbà tí ó dé ibẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wádìí ìran rẹ̀ tí ó wá jẹ́ pé ọkùnrin nìkan ni ó ń bi léèrè, ó ti fi ilé ìṣúra sílẹ̀, ó ń ṣa owó ojú ọ̀nà.

Ìwé Babalọlá náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nítorí pé gbogbo ìran ni ó ń sọ̀rọ̀ fún, kò lè sọ̀rọ̀ nípa bàbá àgbà ẹnì kan. Omi odò tí gbogbo ìlú ń pọn ni ó fún ni. Omi inú àmù ilé ẹni kò sí níbẹ̀. Oríkì àbísọ bí Àjàní tàbí Àṣàkẹ́, oríkì tí bàbá àgbà gbà nítorí ohun tí ó ṣe, àwàdà tí àwọn ìyàwó ilé fi ń ki olórí ìdílé, ẹnu ará ilé nìkan ni a ti lè gbọ́ wọn. Ewu ibẹ̀ ni pé ọmọ tí ó rí ìwé tí a tẹ̀ dáadáa lè rò pé iṣẹ́ ti parí, kí ó há ojú ewé mélòó kan sórí, kí ó má sì bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́.

Ewu mìíràn tún wà, èyí tí kì í ṣe ẹ̀bi ìwé bí kò ṣe ti òǹkàwé. Oríkì kì í to baba lé baba bí ìwé àkọsílẹ̀ ti í tò ó. Kò ní ọdún. Ìlà kan lè jẹ́ ti ẹni tí ó gbé ayé ní àná, kí ìlà tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ẹni tí ó ti kú láti igba ọdún. Bólánlé Awẹ́ ti kọ̀wé ní 1974 lórí bí a ṣe lè fi oríkì ṣe ẹ̀rí nínú ìtàn. Ẹ̀rí ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Pé oríkì Oníkòyí ń sọ nípa ẹ̀ṣọ́ àti ogun kò túmọ̀ sí pé bàbá àgbà tí ó ta aṣọ ní Treichville jagun rí. Pé oríkì Olọ́fà ń sọ nípa ìjàkadì kò sọ gbogbo ọmọ Ọ̀fà di oníjàkadì. Àmì ìran ni wọ́n, kì í ṣe ìwé ìrìn àjò ẹnì kan.

Bí a bá wá ka àwọn ìwé méjèèjì pọ̀, irú ìwádìí wo ni wọ́n lè bí? Ká ní ọmọbìnrin kan tí a bí ní Treichville mú ìwé-ẹ̀rí bàbá àgbà rẹ̀ jáde láti inú àpótí. Ohun tí yóò kọ́kọ́ rí ni orúkọ tí kò jọ orúkọ. Akọ̀wé ìjọba Faransé kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́: ó fi dj kọ j, ó fi ou kọ u, ó fi ch kọ ṣ, kò sì fi àmì ohùn sí i. Báyìí ni Ajíbádé ṣe ń di Adjibadé, tí Ọlátúnjí ń di Olatoundji, tí Adéṣínà ń di Adéchina. Ọmọbìnrin náà yóò ka orúkọ náà sókè léraléra, títí yóò fi bọ́ sí ohùn tí ó yẹ kí ó wà. Orúkọ tí wọ́n yí po bí ti Mélédouman yóò tún di orúkọ ènìyàn lẹ́nu rẹ̀. Ayọ̀ àkọ́kọ́ nìyí, kò sì kéré. Nítorí pé orúkọ Yorùbá kì í ṣe àmì lásán. Àyàn tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ń tọ́ka sí ìdílé onílù, Ọ̀jẹ́ ń tọ́ka sí ìdílé eégún, Ọdẹ́ ń tọ́ka sí ìdílé ọlọ́dẹ. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó bá sì rí orúkọ lè ti ara rẹ̀ padà wo ilé.

Ọdún ìbí ni yóò tẹ̀ lé e, ìwé náà sì lè sọ pé "ní nǹkan bí 1920", nítorí pé kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí a bí i. Níhìn-ín ni àgbà yóò ti ran ọmọ lọ́wọ́. Bí ìyá arúgbó kan bá sọ pé ọkùnrin náà ti dé Abidjan kí wọ́n tó la ọ̀nà omi Vridi láti inú òkun wọ ọ̀sà, ọmọ yóò mọ̀ pé ó dé ṣáájú 1950. Bí ó bá sọ pé afárá Houphouët-Boigny tí ó so Plateau mọ́ Treichville kò tí ì sí, ṣáájú 1957 ni. Bí ó bá sọ pé Bingerville ṣì ni olú-ìlú, ọ̀rọ̀ ti lọ sẹ́yìn 1934 nìyẹn. Àgbà kò mọ ọdún, ó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọmọ kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó lè wá ọdún rẹ̀. Mélédouman àti Ebah Ya tún ń rìn lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ó kan oríkì. Ọmọ yóò fi fóònù pe Èjìgbò, yóò dárúkọ bàbá àgbà rẹ̀ fún obìnrin arúgbó kan ní agboolé náà, yóò sì fi ohùn náà síta kí gbogbo ilé lè gbọ́. Obìnrin náà yóò dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ki òkú ọkùnrin náà. Ohun tí kò sí nínú ìwé ìjọba, tí kò sì sí nínú ìwé Babalọlá, ni yóò máa jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó sì lè ṣẹlẹ̀ pé bàbá ọmọbìnrin náà, tí kò sọ ọ̀rọ̀ Èjìgbò rí láti ìgbà tí ogun ti bẹ́, yóò gba ìlà tí ó kàn sọ láti ibi tí ó jókòó sí, yóò sì parí rẹ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà èwe rẹ̀. Ayọ̀ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ó wà nínú wíwá ìran ẹni, irú ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ ni ó ń bí i: ìgbà tí ìwé, ẹnu àgbà àti ẹnu ẹni tí ó ti dákẹ́ bá ara wọn mu lórí ẹnì kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n kí ayọ̀ má bàa di ẹ̀tàn, ẹni tí ń béèrè gbọ́dọ̀ kó ara rẹ̀ níjàánu. Ayé mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Alex Haley, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó kọ Roots ní 1976. Ó lọ sí Juffure ní ilẹ̀ Gambia láti wá Kunta Kinte, òpìtàn kan níbẹ̀ sì sọ ìtàn tí ó bá ohun tí ó ń wá mu. Àwọn olùwádìí tí ó tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lẹ́yìn náà rí i pé ìtàn náà kò dúró gbọn-in, nítorí pé wọ́n ti gbọ́ ohun tí àlejò ń fẹ́ kí ó tó dé. Ìwé náà ṣe oore púpọ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú, kò sí ẹni tí ó lè gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ó bá fi ìdáhùn sínú ìbéèrè, ohùn ara rẹ̀ ni yóò gbọ́ padà. Kí ọmọ béèrè pé, "Ta ni wọ́n?" Kí ó má béèrè pé, "Ṣé ọmọ ọba ni wọ́n?" Bí oríkì bá sì mú ọ̀rọ̀ gbèsè, ìjà tàbí ìwà ọ̀lẹ bàbá àgbà jáde, nítorí pé oríkì kì í bo àléébù, kí ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Èwo wá ni ó borí nínú ìwé méjèèjì? Adiaffi ni ó mọ bí ìbéèrè ṣe lè dá ọgbẹ́ síni lára. Ẹni tí kò bá kà á kò ní mọ ìdí tí àwọn òbí kan fi ń dákẹ́. Babalọlá ni ó ní ìdáhùn lọ́wọ́, ìdáhùn náà sì ti pẹ́ ju gbogbo ẹnubodè tí ó wà lójú ọ̀nà Abidjan lọ. Nítorí náà Àwọn Oríkì Orílẹ̀ ni ó tóbi jù fún ọmọ Yorùbá tí ń wá ìran rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ó bá gbà pé ilẹ̀kùn ni ìwé náà jẹ́, kì í ṣe ilé. Bí ọmọ kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń rọ́ ọ ń kú, ikú wọn kì í sì í dúró de ìsinmi ilé-ìwé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ tí ó bá ní kí ọmọ kọ àròkọ lórí ìtàn ìdílé rẹ̀, tí kò sì béèrè ju orúkọ bàbá àti bàbá bàbá lọ, iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba ni ó ń ṣe. Bí ó bá ní kí ọmọ kọ oríkì ìyá rẹ̀ pẹ̀lú, kí ó kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ fún un, kí ó sì fi àyè sílẹ̀ níbi tí kò ti rí ìdáhùn, nígbà náà ni ó ti fi í sọ́nà. Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì ní Èjìgbò àti ní ìlú tí ó yí i ká, ọmọ tí a bí ní Abidjan lè wà níbẹ̀, tí ó ń fi Faransé ronú, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi ahọ́n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Òun náà ti gbọ́ ìbéèrè "Ọmọ ta ni ọ́?" lẹ́nu ẹni tí kò fẹ́ ire fún un. Ó yẹ kí ó tún gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ó fẹ́ ẹ wọlé. Ìdáhùn rẹ̀ yóò gùn, yóò gba ilẹ̀ mẹ́ta kọjá kí ó tó dé ilé. Ẹni tí ó bi í léèrè gbọ́dọ̀ ní sùúrù láti jókòó tẹ́tí sí i tán.